Kànga Oṣù Kẹta

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ oko sì ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ oko, ẹnu mi kì í pa dé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, kí ẹni tó bá ń kánjú fò ó lọ sí ìkejì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Màmá, mo kí yín o, okun o. Ọmọ Àyetòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, ni mí, Àbújá ni mo ń gbé. Ẹni ọdún 41 ni mí, ó sì ti di ọdún 13 tí mo ti wà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà ti sú mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń wọlé, àwọn ọmọ á ti sùn. Bàbá mi fi éékà mẹ́fà sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìlú, kọfí àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo débẹ̀ lóṣù kẹjọ tó kọjá. Ibẹ̀ tutù, odò kékeré kan ń ṣàn, mo jókòó sídìí igi, mo sì ń bi ara mi pé kí ni mò ń wá ní Àbújá. Mo fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹfà. Mo fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, kí n gbé sólà sórí òrùlé, kí n má bá NEPA da nǹkan kan pọ̀, kí n gbẹ́ bóhóòlù, kí n sin ewúrẹ́ àti adìẹ, kí n má sì ra nǹkan kan lọ́jà mọ́ àyàfi iyọ̀. Owó tí mo ní pamọ́ jẹ́ ₦6.5 mílíọ̀nù. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, owó ilé-ìwé wọn jẹ́ ₦1.3 mílíọ̀nù lọ́dún. Ìyàwó mi kò gbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń bi mí: "Ta ni yóò máa pọn omi?" Ìyá mi ní tiẹ̀ ní bí mo bá wálé báyìí, àwọn èèyàn á ní ńṣe ni wọ́n lé mi níbi iṣẹ́. Ṣé owó yìí tó? Báwo ni mo ṣe lè yí ìyàwó mi lọ́kàn padà? *Ọmọ yín, Àbújá.*

ÈSÌ: Ọmọ mi, má yí ìyàwó rẹ lọ́kàn padà. Òun nìkan ló béèrè ohun tó yẹ kí ìwọ ti béèrè.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Ọdún 2009 ni èmi náà kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni ọdún 46 ni mí, akáùǹtáǹtì ní báńkì kan. Oko wa wà lẹ́yìn Ẹ̀kìnrìn-Àdé. Oṣù kẹsàn-án ni mo pe àwọn tó ń gbẹ́ bóhóòlù, torí ara mi ti wà lọ́nà. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Omi tú sókè, ó rẹ gbogbo wa, a jó, a pa adìẹ. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, mo tan ẹ̀rọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó ń ṣe fùù, fùù, bí arúgbó tó ń fẹ́ iná. Owó tí mo kó sínú ihò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí mo gbà kúrò ní báńkì. Mo pe ọ̀gá tó gbẹ́ ẹ, ó ní ilẹ̀ ni kí n bá wí. Mo bínú sí i fún ọdún kan gbáko. Àmọ́ òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Wo àwọn òkè tó yí Kàbà àti Ògìdì ká. Irú wọn náà ló tẹ́ sábẹ́ oko bàbá rẹ. Omi kì í gbé inú àpáta tó dì. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta lórí ló máa ń wà, àti ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ bá ti sán. Nítorí náà ẹni méjì lè gbẹ́ ihò sí oko kan náà, kí ọ̀kan mu omi kí èkejì mu eruku. Kí o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ kọ́kọ́ wá. Wọ́n á ki irin mọ́lẹ̀, wọ́n á rán iná díẹ̀ sínú ilẹ̀, wọ́n á sì mọ ibi tó ṣeé ṣe kí omi wà. Èmi kò ṣe é. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kó lè súnmọ́ mi.

Oṣù kẹta ọdún 2011 ni mo tún gbẹ́ òmíràn, kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ lásán lọ́tẹ̀ yìí, ní ìsàlẹ̀ oko níbi tí koríko kì í ti í tètè gbẹ. Ìgbà náà ni omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ́dún, kí òjò tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn agbẹ́kànga ṣe kan omi tí wọ́n ń hó yèè, mo ní kí wọ́n má tíì gòkè, kí wọ́n tún lọ sísàlẹ̀ mítà méjì. Wọ́n kùn, mo fi owó kún owó wọn. Kànga yẹn kò gbẹ rí di òní. Kànga tó bá rí omi lóṣù kẹsàn-án, omi òjò ló rí.

Ìgbà tí o sì lọ wo oko rẹ nìyẹn, oṣù kẹjọ! Ta ni oko kì í wù lóṣù kẹjọ? Àgbàdo ti gbó, iṣu tuntun ti jáde, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, gbogbo nǹkan tutù. Bí wọ́n bá ń ta oko fún èèyàn, oṣù kẹjọ ni wọ́n á máa mú un lọ wò ó. Gba ìsinmi rẹ lóṣù kejì. Lọ sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ àti ìyàwó rẹ. Odò kékeré tí o rí yẹn, ó ṣeé ṣe kí o bá yanrìn nínú rẹ̀. Ọyẹ́ á bó ọ létè. Ẹ̀fín igbó tí wọ́n ń sun á wọ ilé wá lóru. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kẹwàá, kí o wá máa ronú lẹ́tà tí o fẹ́ kọ fún ọ̀gá rẹ.

Omi òjò náà wà, a kì í sì í kà á sí. Mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan omi. Bí òrùlé rẹ bá jẹ́ mítà 10 sí mítà 8, òjò ńlá kan tó tó mìlímítà 20 á sọ lítà 1,600 sórí rẹ̀. Ká ní díẹ̀ dànù, lítà 1,200 kò ní ṣàì wọ táǹkì. Ẹ̀yin márùn-ún, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 20 lójúmọ́, lítà 100 ni. Fi ọjọ́ 150 ẹ̀ẹ̀rùn sọ ọ́ di púpọ̀, ó di lítà 15,000. Táǹkì 2,500 mẹ́fà nìyẹn, òjò ńlá mẹ́tàlá á sì kún un. Mo ní mẹ́rin nínú irú rẹ̀ báyìí, mo ń rà á lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí kaṣú bá ti tà. Fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà pamọ síbẹ̀, kí o sì jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ inú ọdún fọ òrùlé kó dànù. Ìgbẹ́ aláǹgbá ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló wà lórí páànù yẹn. Nígbà tí o bá ṣe èyí, ìbéèrè ìyàwó rẹ ti ní ìdáhùn, kò sì ní jẹ́ orí rẹ̀.

Iyọ̀ tí o dárúkọ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìwọ ọmọ Ìjùmú! Wọn ò ní pè ọ́ síbi òkú? Wọn ò ní dá owó ẹbí? Wọn ò ní ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ? Iṣu ni wàá fi san owó ìdánwò WAEC ni? Oògùn ibà ńkọ́, bátìrì iná tọ́ọ̀ṣì, bàtà òjò, àdá tó kú, páànù tí ìjì ká? Èmi kọ gbogbo ohun tí mo ná sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Oúnjẹ tí a kò gbìn kò pọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Èèyàn àti àìsàn ló kó owó lọ.

Bàbá rẹ tí o sì fẹ́ fara wé, òun náà kò dá jẹ kó dá mu. Kọfí tó wà lóko yẹn, ta ló rí i kó mu ún? Irú kọfí tí wọ́n ń pè ní Robusta ni. Bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń rà á, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi rán ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjùmú àti ọmọ Owé ní Kàbà lọ sílé-ìwé, kí wọ́n lè di ẹni tí iṣẹ́ ń sú ní Àbújá. Ọdún 1986 ni ìjọba pa àwọn bọ́ọ̀dù náà rẹ́. Nígbà tó sì di 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gbé owó kọfí ró tú ká, owó rẹ̀ já wálẹ̀ káàkiri ayé. Bàbá tèmi já kọfí lọ́dún náà, ó gbé e wálé, ó ká àpò rẹ̀ jọ sí igun yàrá, kò sọ̀rọ̀. Kò padà sídìí rẹ̀ mọ́, igbó sì gbà á. Ẹni tí ọjà já kulẹ̀ fún ni, kì í ṣe ẹni tó kọ ọjà sílẹ̀.

Torí náà wá ohun tí wàá máa tà. Ní àgbègbè wa lónìí, kaṣú ni. Ọdún kẹta ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í so, kò sì ní jẹ́ nǹkan gidi kó tó di ọdún karùn-ún, ìkeje. Láti oṣù kejì lọ sí oṣù karùn-ún ni a ń ṣa á, ìgbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ máa ń gbẹ jù. Gbin in ní mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, bí ogójì igi nínú éékà kan, kí o sì máa gbin iṣu àti ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀ kó tó da òjìji. Kí oṣù kejìlá tó parí, ro gbogbo etí oko yíká dé ilẹ̀ pupa, fẹ̀ ẹ́ tó ibi tí ọkọ̀ lè gbà. Mo ti rí oko kaṣú ọdún mẹ́fà tó jó ní ọ̀sán kan torí pé ọdẹ kan ń fi iná lé ọ̀yà ní oko kejì. Ẹni tó ni ín jókòó sórí òkúta títí ilẹ̀ fi ṣú. A kò mọ ohun tí a lè sọ fún un.

Ṣùgbọ́n dúró ná. "Bàbá mi fi éékà mẹ́fà sílẹ̀ fún *wa*." Ta ni "wa"? O kò sọ iye ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí o ní. Nílẹ̀ wa, ẹni tó gbin igi tó ń pẹ́ ti ń sọ láìlanu pé òun ló ni ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa kì í fi í jẹ́ kí àlejò gbin ju iṣu àti àgbàdo lọ. Bí àbúrò rẹ kan bá wà ní Kánádà, kò ní bínú sí iṣu rẹ. Ọgọ́rin igi kaṣú á jí i lójú oorun. Ẹ jókòó, ẹ pín in, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i lójú Olórí Ẹbí, kí o tó gbin ẹyọ kan.

Ó kù sí owó. ₦6.5 mílíọ̀nù: yọ owó ilé-ìwé ọdún méjì kúrò, ₦2.6 mílíọ̀nù, kí o má fọwọ́ kàn án. Ó ku ₦3.9 mílíọ̀nù. Yọ owó ìtọ́jú ara ọdún méjì. Ohun tó kù kò lè kọ́ irú ilé tí o ní lọ́kàn, kó gbẹ́ kànga, kó ra sólà, kó sì tún ra ewúrẹ́ pọ̀. Ó lè ṣe omi àti yàrá méjì tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tó bá jẹ́ pé o mọ owó í ṣọ́. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ tó wà lọ́dọ̀ PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọ tọ́jú rẹ̀, má rò pé wàá kó gbogbo rẹ̀. Òfin ọdún 2014 ní ẹni tó bá kúrò níṣẹ́ láìtíì pé ẹni 50, tó sì lo oṣù mẹ́rin láìrí iṣẹ́ mìíràn, lè gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyókù á dúró dè ọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìwọ ẹni 60 náà á fẹ́ jẹun.

Ohun kan wà tí n kì í sábà sọ nígbà tí àwọn èèyàn bá ń yìn mí. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo lò lóko, owó oṣù ọkọ mi ló ń bọ́ wa. Tíṣà ni ní Lọ́kọ́ja, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wálé. Èmi ni mo ń pariwo pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ owó oṣù. Òun ló ń ra diesel. O kò sọ bóyá ìyàwó rẹ ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, má jẹ́ kó fi í sílẹ̀ lọ́dún kan náà tí ìwọ fi tìrẹ sílẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ìwọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ lọ títí kànga á fi pé, tí igi kaṣú á fi pé ọdún méjì. O lè gba ẹnì kan sóko, kó máa ro ó. Igba ebè ni a fi ń ka owó alágbàṣe lọ́dọ̀ wa. Lọ béèrè iye tó jẹ́ lónìí kí o tó pinnu pé ìwọ nìkan á kọ ẹgbẹ̀rún kan. Ọwọ́ rẹ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà yẹn, ìdajì igba á bó o.

Sólà kò ṣòro, òun ni àwọn ọkùnrin sì máa ń kọ́kọ́ rà. Jẹ́ kó kéré. Gílóòbù márùn-ún, fóònù, fáànù kan, bátìrì kan á gbé e. Fíríìjì nìkan lè jẹ tó 1,000 watt-wákàtí lójúmọ́, bátìrì olómi 200Ah kan tó jẹ́ fóòltì 12, tó ń gba nǹkan bí 2,400, kò sì yẹ kí o lò ó kọjá ìdajì, nǹkan bí 1,200 watt-wákàtí ni ìdajì náà. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù, gbàgbé wọn. Ọ̀sán tí oòrùn mú ni kí o máa fa omi sí táǹkì òkè, kí bátìrì má dá sí i. Nígbà ọyẹ́, nu páńẹ́ẹ̀lì láràárọ̀, eruku ibẹ̀ nípọn tó èyí tí a lè fi ìka kọ̀wé sí.

Ewúrẹ́: kata ló ń pa wọ́n, ikun imú àti ìgbẹ́ gbuuru, láàárín ọ̀sẹ̀ kan àgọ́ á ṣófo. Adìẹ: lúkúlúkú, ó fẹ́ràn ìgbà ọyẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára méjèèjì wà, Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń ṣe é. Bá ọ́fíìsì dókítà ẹran ní Ìyàrà tàbí Kàbà sọ̀rọ̀ kí o tó ra ẹran, má dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń hukọ́.

Èyí tó kàn, n kò fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ màá kọ ọ́. Má kọ́ ilé sáàárín oko. Gbogbo wa mọ ohun tí ojú ti rí lágbègbè wa lọ́wọ́ ajínigbé láwọn ọdún yìí. Ìsàlẹ̀ ìlú ni kí o kọ́ ọ sí, níbi tí o bá pariwo tí aládùúgbò á gbọ́, kí o máa ti ibẹ̀ lọ sóko. Èmi náà ti fi ilé oko sílẹ̀, ilé ẹbí ni mo ti ń sùn láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ti ilẹ̀kùn oko. Ó dùn mí. Ìràwọ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju ti ìlú lọ.

Ní ti ìyá rẹ: òótọ́ ló sọ, wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sí èmi náà. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ni ó fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé owó báńkì ò sọnù?" Ọdún kẹta ló wá tọrọ irúgbìn iṣu lọ́wọ́ mi. Mo fún un. Mo fún un ní àwọn tó kéré.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ní ewúrẹ́ mẹ́jọ ní Mọ̀pà. Mo rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná. Gáàsì ti wọ́n kọjá agbára mi, èédú náà ti gbówó lórí. Ṣé ti ewúrẹ́ mẹ́jọ á tó? *Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà.*

ÈSÌ: Kò tó, Ìyá Ìbejì. Tí a bá fẹ́ rí gáàsì tó tó mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga, tó lè dáná lórí sítóòfù kan fún bíi wákàtí méjì, nǹkan bí kílò 25 ìgbẹ́ màálù tútù ló ń gbà lójoojúmọ́, pẹ̀lú omi tó tó o. Ewúrẹ́ kan kò lè fún yín ní kílò kan lójúmọ́. Kí a tilẹ̀ gbà pé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe dáadáa, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó máa tẹ̀ lé wọn kiri Mọ̀pà pẹ̀lú igbá? Ewúrẹ́ wa kì í gbélé. Ẹni tó ní màálù mẹ́rin, márùn-ún ní àgọ́ ló lè ronú rẹ̀, kó sì tún rò ó dáadáa ní ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá wọ́n.

Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ kéré sí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi amọ̀ mọ ààrò tó ní ilé iná tí a bò yíká, tó ṣí níwájú nìkan, kí ìkòkò jókòó wọ inú rẹ̀ dáadáa kí ọwọ́ iná má máa sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkúta mẹ́ta tí gbogbo wa ń lò yẹn, atẹ́gùn ló ń jẹ ìdajì igi rẹ̀. Ẹ sá igi kó gbẹ, kí ẹ sì la á sí wẹ́wẹ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ yín, ẹ kó o sídìí ata àti ẹ̀fọ́, ẹ ó rí èrè rẹ̀ kíákíá. Ẹ kí àwọn ìbejì fún mi.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi, okun. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 71. Ó di ọdún kẹrin tí mo ti wà ní oko mi lọ́nà Kàbà sí Àyèré. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ibẹ̀ ni màá kú sí, n kò sì nílò ẹnikẹ́ni. Iṣu mi dára, epo mi wà, adìẹ ń yé. Ìyàwó mi ti wà ní Èkó láti oṣù márùn-ún, ọmọ wa bímọ. Ní òru, ajá mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀, mo sì rò pé ó ń gbọ́ mi. Àwọn ọmọ ní kí n padà sílùú. Ojú ń tì mí. *Bàbá Tíṣà.*

ÈSÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ dákun, ta ni ẹ ní ó ń dúró kó rí yín bí ẹ ó ṣe padà? Àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún ti gbàgbé. Àwa tí a kúrò níbi iṣẹ́ lọ sóko máa ń rò pé gbogbo ìlú ló ń ka ìgbésẹ̀ wa.

Ẹ rántí bí a ṣe tọ́ wa. Ahéré ni ti oko, ilé ni ti ìlú. Àwọn bàbá wa á wà lóko fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, wọ́n á sì gbé ẹrù wálé bí ọdún iṣu bá dé, bí òkú bá kú, bí wọ́n bá kàn fẹ́ ta ayò. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n padà. Ẹ̀yin ni ẹ sọ ahéré di ilé. Ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, iṣu ti wọ ọgbà, kò sí iṣẹ́ tó le níwájú títí di ìgbà ebè. Ẹ wá sùn nílùú láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi padà. Ọmọkùnrin kan lè máa lọ wo adìẹ láràárọ̀, kí ẹ̀yin máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tí ìyàwó yín bá dé láti Èkó, ẹ ó bára yín nílé tó ní iná àti aládùúgbò, ẹ lè wá jọ pinnu ibi tí ẹ ó sùn lọ́dún tó ń bọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ẹ bá ń lò ó, ẹ má jẹ́ kó tán lọ́wọ́ yín nítorí pé kẹ́mísì jìnnà. Ẹ kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà, àmọ́ mo mọ ọjọ́ orí yín.

Ajá yẹn ńkọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóko o. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín jù.